Áńtẹ́nà pàjáwìrì 7 MHz: wáyà kan ní Kétu tó dé Àjàṣẹ́, tó sì dé Sábẹ

Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí áńtẹ́nà yìí ṣe kò lọ́jú pọ̀. Bí odò Ouémé bá kún dé ojú títì, bí bátìrì tó ń gbé òpó tẹlifóònù ró bá kú, kí ẹni tó wà ní Kétu ti ilẹ̀ Benin ṣì lè bá ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti ẹni tó wà ní Sábẹ (Savè) sọ̀rọ̀ lórí rédíò amatọ̀, ìyẹn rédíò àwọn tí kì í fi í ṣòwò, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, láìretí iná ìjọba. Omíyalé ọdún 2010, tó bo apá púpọ̀ nínú orílẹ̀-èdè Benin, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Bí a bá fa ìlà tààrà lórí máàpù, Àjàṣẹ́ sí Kétu tó nǹkan bíi kìlómítà 96, Kétu sí Sábẹ tó 75, Àjàṣẹ́ sí Sábẹ sì tó 170. Kìlómítà wọ̀nyí ló pinnu irú áńtẹ́nà tí a ṣe.

Rédíò ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní 145 MHz kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀nà tààrà ni ìgbì rẹ̀ ń tọ̀, ilẹ̀ ayé sì tẹ̀ kọdọrọ: bí áńtẹ́nà méjèèjì bá ga ní mítà 7, wọn kò ní gbọ́ ara wọn ju kìlómítà 20 àti díẹ̀ lọ. Àwọn òkè àpáta Sábẹ lè ran ẹni tó bá gun orí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ní 7 MHz, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀. Ìgbì yẹn ń lọ sókè gan-an, ó ń kan ionosphere, ìpele òkè ojú ọ̀run tó ń dá ìgbì rédíò padà, ní nǹkan bíi kìlómítà 250 sí 350 lókè orí wa, yóò sì padà wálẹ̀ sórí gbogbo agbègbè tó yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ká. NVIS ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń kọ fún un.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n gbà pé bí áńtẹ́nà bá ṣe ga tó ni yóò ṣe dára tó, wọ́n á wá máa wá òpó irin mítà 20. Wáyà 7 MHz tó bá ga tó bẹ́ẹ̀ máa ń ju agbára rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ó lè bá ẹni tó wà ní Yúróòpù sọ̀rọ̀ kí ó sì fo Sábẹ kọjá. Fún kìlómítà 100 tàbí 200, kí wáyà wà láàárín mítà 4 sí 8 ló dára jù. Ọparun kan tó o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mú lọ nìyẹn: ẹ má torí pé ẹ kò ní òpó gíga fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Fíríkúẹ́ńsì tí a gé wáyà náà fún ni 7.110 MHz. IARU, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn amatọ̀, ló yàn án fún Agbègbè 1, níbi tí Áfíríkà wà, pé kí àwọn tó wà nínú pàjáwìrì kọ́kọ́ wá ara wọn lọ síbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó ṣófo nígbà gbogbo. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ sì gba ìwé àṣẹ àti orúkọ ìpè, èyí tí lẹ́tà TY bẹ̀rẹ̀ fún Benin. Títí ìwé náà yóò fi dé, gbígbọ́ ni kí ẹ fi áńtẹ́nà náà ṣe.

Ohun tí a kó jọ

Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ QUINCAILLERIE sí iwájú rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé kíkọ́ àti irinṣẹ́. Wáyà koax (èyí tó ń gbé ìgbì láàárín rédíò àti áńtẹ́nà, tí àwọ̀n bàbà yí wáyà àárín rẹ̀ ká) àti orí PL-259 (èyí tí a fi ń kì í bọ rédíò) ló lè gba pé kí ẹ ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Wáyà iná 1.5 mm², mítà 25. Àwọn oníṣẹ́ iná ilé ló ń lò ó, rólù mítà 100 sì ni wọ́n sábà máa ń kó wọlé. Ẹ béèrè èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ irun wẹ́wẹ́ púpọ̀. Èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo máa ń ṣẹ́ níbi tí a ti tẹ̀ ẹ́, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́.

Koax RG-58, tí ó jẹ́ 50 ohm, mítà 20. Bí kò bá sí, wáyà 75 ohm tí wọ́n fi ń so àwo tẹlifíṣọ̀n lè ṣe é. Lára rédíò 50 ohm, 75 ohm lè gbé SWR (ìwọ̀n bí agbára ṣe ń padà sínú rédíò; 1 ló dára jù) dé nǹkan bíi 1.5 tàbí kí ó lé díẹ̀, ìyẹn kì í sábà ṣe rédíò ní nǹkan kan. Ní 7 MHz, mítà 20 RG-58 kì í jẹ tó 1 dB, ìyẹn nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún agbára yín.

Páìpù PVC 110 mm, sẹ̀ǹtímítà 25; PVC 32 mm, ẹyọ mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dómínò oníhò méjì, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń so wáyà nínú ògiri, kí ó tóbi tó èyí tó ń gba 6 mm². Rẹ́sítọ̀ 100 kΩ kan, orí PL-259 kan, gíríìsì díẹ̀, téépù dúdú, tíúbù àlòkù láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà alùpùpù, okùn ọ̀rá 4 mm tó gùn ní mítà 40, èèkàn irin mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, àti ọparun kan tó gùn ní mítà 7.6. Ní ti irinṣẹ́: ẹ̀mú, ọ̀bẹ mímú, ayùn irin, téépù ìwọ̀n, irin tí a fi ń jó òjé, mítà oníná, àti NanoVNA (ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ áńtẹ́nà wò) tàbí mítà SWR.

Gígé wáyà

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ pín 143 pẹ̀lú MHz, ohun tó bá jáde ni gígùn gbogbo wáyà ní mítà. 143 ÷ 7.110 jẹ́ 20.11, ìyẹn mítà 10.05 fún apá kọ̀ọ̀kan nínú apá méjì tí koax yóò so mọ́ láàárín. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà ní ìhòòhò ni 143 yẹn wà fún. Rọ́bà tó bo wáyà ilé máa ń dín ìgbì kù díẹ̀, nítorí náà wáyà wa yóò kúrú ju ìṣirò lọ ní nǹkan bíi 3%. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a gé apá kọ̀ọ̀kan ní mítà 10.40, a sì tún fi sẹ̀ǹtímítà 40 lé e fún síso. Èyí tó gùn ṣe é gé.

Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ so ìdí wáyà mọ́ igi, kí ẹ fà á dáadáa kí ìkákò rólù lè jáde lára rẹ̀. Ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n ni ojú sukúrù dómínò títí dé ibi tí wáyà ti ṣẹ́rí padà nínú ihò PVC ìparí, ìyẹn ẹyọ PVC 32 mm tó wà ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ́ ìyókù tó ṣẹ́rí padà náà mọ́ ara wáyà pinpin. Kò sí nínú ìwọ̀n.

Àárín rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Ẹyọ PVC 32 mm kan ló di àárín. A lu ihò méjì síbi sẹ̀ǹtímítà 2 láti ìparí kọ̀ọ̀kan, a sì lu ọ̀kan sí àárín gbùngbùn fún okùn tí yóò gbé e kọ́. Wáyà apá kọ̀ọ̀kan wọ inú ihò rẹ̀, a ta á ní kókó lẹ́yìn ihò, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ tó wá lọ sínú dómínò. Kókó ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù wáyà. Bí ẹ bá jẹ́ kí sukúrù dómínò ru ẹrù, wáyà yóò yọ nígbà tí ìjì bá kọ́kọ́ fẹ́, ojú òru sì ni yóò jẹ́.

Ti koax gba sùúrù. Ẹ fi ọ̀bẹ yí ara rọ́bà òde rẹ̀ ká ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti orí, láìjẹ́ kí ọ̀bẹ kan àwọ̀n bàbà tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fa rọ́bà náà kúrò. Ẹ má gé àwọ̀n náà. Ẹ fi orí ìṣó tú u díẹ̀díẹ̀ nídìí, títí ihò kékeré yóò fi là lára rẹ̀, kí ẹ wá tẹ koax kọrọ níbẹ̀, kí ẹ fa wáyà àárín àti rọ́bà funfun tó bò ó gba ihò yẹn jáde. Àwọ̀n yóò kù bí ìrù tó ṣófo. Ẹ fà á gùn, kí ẹ lọ́ ọ, kí ẹ jó o pẹ̀lú òjé díẹ̀ lórí. Ẹ bó sẹ̀ǹtímítà 1.5 lára wáyà àárín. Ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, ọ̀kan lọ sí apá òsì, èyíkéyìí tó bá wù yín. Irun àwọ̀n kan ṣoṣo tó bá kan wáyà àárín ti so gbogbo rẹ̀ pa, nítorí náà ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó kí ẹ tó fún sukúrù.

Bí ó bá jẹ́ wáyà tẹlifíṣọ̀n ni ẹ lò, òjé kò ní mú àwọ̀n rẹ̀, torí alumíníọ́mù ni. Ẹ kàn lọ́ ọ, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ó lè nípọn, kí ẹ fi sukúrù dómínò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi gíríìsì kùn ún dáadáa. Bàbà àti alumíníọ́mù kì í bá ara wọn gbé pẹ́ bí omi bá wà láàárín wọn.

Rẹ́sítọ̀ 100 kΩ lọ láti ìdí sukúrù kan sí èkejì, ní dídábùú. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ru erùpẹ̀ máa ń kó iná sórí wáyà gígùn, débi pé ó lè ta ẹni tó bá di orí koax mú, ó sì lè pa ẹnu ọ̀nà rédíò. Rẹ́sítọ̀ yẹn ń jẹ́ kí iná náà máa jò lọ díẹ̀díẹ̀ sínú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí àwọ̀n fúnra rẹ̀ tó lè gbé e sọ̀ sílẹ̀, ẹ fi wáyà kan so ara rédíò mọ́ irin tí ẹ gún mọ́lẹ̀. Rẹ́sítọ̀ kò ní jẹ nínú agbára yín: ní 100 W, ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ nǹkan bíi 0.05 W péré.

Omi ni ọ̀tá tó kù. Ẹ jẹ́ kí ẹnu koax kọjú sísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi téépù dúdú wé e, lẹ́yìn náà kí ẹ gé tíúbù ní tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ fà á le bí ẹ ti ń wé e, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí èyí tó wà lókè gun èyí tó wà nísàlẹ̀ bí páànù orí ilé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ti ṣí ẹnu gbogbo ìpele náà sílẹ̀ fún òjò.

Kọ́ìlì ìdènà

Koax fúnra rẹ̀ fẹ́ di apá kẹta áńtẹ́nà. Iná tó yẹ kó parí sórí wáyà lè gba ẹ̀yìn àwọ̀n padà wálẹ̀ sínú yàrá, yóò máa ta ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, yóò sì kó ariwo gbogbo ṣájà inú ilé lọ sínú etí rédíò. Láti dá a dúró, a wé koax ní ìgbà 12 yí PVC 110 mm ká, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lábẹ́ àárín. Ìyẹn ń jẹ nǹkan bíi mítà 4 àbọ̀ nínú mítà 20. Ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò gbọdọ̀ gun èkejì. Bí ẹ bá kàn ká a jọ bí okùn tí a fẹ́ kó pamọ́, ìbẹ̀rẹ̀ yóò súnmọ́ ìparí, iná náà yóò sì fò kọjá. Ẹ lu ihò méjì sí ìparí PVC kọ̀ọ̀kan kí ẹ fi okùn tín-ínrín di koax mú níbẹ̀.

Nígbà tí a jó PL-259 sórí ìdí kejì tán, mítà oníná ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láti àárín PL-259 sí ara rẹ̀: 100 kΩ, ìyẹn rẹ́sítọ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ òdo, irun àwọ̀n kan ti kan àárín, inú PL-259 ni ẹ sì ti máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òkè. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn rárá, wáyà kan ti yọ. Láti àárín PL-259 dé ìparí apá kan, àti láti ara rẹ̀ dé ìparí apá kejì: kò gbọdọ̀ tó 1 ohm. Ẹ tẹ koax síwá sẹ́yìn bí ẹ ti ń wò ó. Nọ́ńbà tó bá ń jó ń sọ pé òjé kò mú.

Gbígbé e sókè

Ìdí ọparun wọ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó kù mítà 7 lókè. A fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù kun ibi tó wọ ilẹ̀, torí ikán. Okùn mẹ́ta ló fà á dúró, a so wọ́n mọ́ ọn ní mítà 5 sókè, èèkàn wọn sì wà ní mítà 4 sí ìdí rẹ̀, ní ọ̀nà mẹ́ta tó jìnnà sí ara wọn dọ́gba. Ẹ so àkísà pupa mọ́ àwọn okùn náà. Ewúrẹ́ àti ọmọdé kì í rí okùn funfun lálẹ́. Àárín áńtẹ́nà àti kọ́ìlì ni kí ẹ so mọ́ orí ọparun kí ẹ tó gbé e dìde, kí koax sì bá ara ọparun sọ̀ kalẹ̀ ní síso ní gbogbo mítà kan.

Apá méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ìparí kọ̀ọ̀kan ga ní mítà 2.5, ó sì fi nǹkan bíi mítà 8.7 jìnnà sí ìdí ọparun. Ó túmọ̀ sí pé àgbàlá tó gùn ní mítà 20 gbà á, pẹ̀lú okùn ìparí. Igun tó wà láàárín apá méjèèjì tó 125°. Ẹ má jẹ́ kó dín sí 90°, torí bí apá méjèèjì bá ti ń súnmọ́ ara wọn ni wọ́n ń pa agbára ara wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ìparí wọn wálẹ̀ ju mítà 2.5 lọ: ibẹ̀ ni fóltéèjì ti ga jù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ó lè jó ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, bí rọ́bà tilẹ̀ bò ó.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà lára igi máńgòrò. Igi ń mì, nítorí náà okùn ibẹ̀ gba orí ẹ̀ka kọjá, ike omi 1.5 lítà tí a rọ yanrìn kún sì rọ̀ sí ìdí rẹ̀. Bí igi bá fà, ike yóò gòkè. Bí igi bá padà, ike yóò sọ̀ kalẹ̀, wáyà kò ní já. Ìhà tí wáyà kọjú sí, ìlà oòrùn tàbí àríwá, kò já mọ́ nǹkan kan fún iṣẹ́ yìí, torí òkè ni ìgbì ń lọ.

Wáyà SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Benin, ni ohun tí kò gba àṣìṣe. Ẹ wá ibi tó jẹ́ pé bí ọparun bá wó tàbí bí wáyà bá já, kò sí apá kankan tó lè dé ibi tí wáyà iná wà. Pẹ̀lú òpó mítà 7 yìí, kí apá áńtẹ́nà tó súnmọ́ wáyà iná jù ṣì fi mítà 10 jìnnà sí i. Bí àgbàlá yín kò bá gbà á, ẹ lọ sí pápá tàbí ọgbà ilé ìwé.

Fífi mítà tún un ṣe

Pẹ̀lú apá mítà 10.40, ibi tí SWR ti lọ sílẹ̀ jù ni 6.68 MHz. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, wáyà ṣì gùn. Láti mọ ibi tí a ń lọ: ẹ fi gígùn ìsinsìnyí lọ́po fíríkúẹ́ńsì tí mítà fi hàn, kí ẹ pín in pẹ̀lú èyí tí ẹ fẹ́. 10.40 × 6.68 ÷ 7.11 jẹ́ 9.77. Ẹ má tíì gé e. Ẹ ṣẹ́ ẹ padà, kí ẹ lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Sẹ̀ǹtímítà 50 ni a kọ́kọ́ ká lára apá kọ̀ọ̀kan, ó di mítà 9.90, SWR sì wálẹ̀ ní 7.02 MHz. Lẹ́yìn náà ni a tún mú 13 kúrò. Ní mítà 9.77, ó balẹ̀ sórí 7.11, SWR jẹ́ 1.2. Láti ibẹ̀ lọ, sẹ̀ǹtímítà 1 lára apá kọ̀ọ̀kan ń sún un ní nǹkan bíi 7 kHz, nítorí náà kò sí ìdí láti máa lé mílímítà. Apá méjèèjì ni kí ẹ máa dín papọ̀. Bí mítà bá ti dúró síbi tó yẹ, ẹ lè gé ìyókù tó pọ̀ jù, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sílẹ̀. Wáyà tó ṣẹ́rí padà kì í ṣe bákan náà pátápátá pẹ̀lú èyí tí a gé, nítorí náà ẹ tún wò ó lẹ́yìn gígé.

Ti ilé tiyín lè yàtọ̀ sí èyí. Orí páànù máa ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ilé ti fún pọ̀, ó máa ń wu ènìyàn láti ta wáyà sórí òrùlé, mítà kan péré sókè páànù. SWR kò ní wálẹ̀ dáadáa, páànù yóò sì máa jẹ agbára náà. Àgbàlá ló sàn, tàbí kí ẹ gbé e tó mítà 3 tàbí 4 sókè páànù.

Bí nǹkan kò bá lọ déédéé

SWR ga níbi gbogbo, kò wálẹ̀ níbì kankan: wáyà ti yọ tàbí ó ti kan ara. Ẹ padà sí mítà oníná.

SWR ń yí padà bí ẹ bá fọwọ́ kan koax: kọ́ìlì kò ṣiṣẹ́, tàbí apá kan súnmọ́ nǹkan onírin tí èkejì kò súnmọ́.

SWR dára lónìí, ó sì tún dára ju ti àná lọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti 6 MHz dé 8 MHz. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Áńtẹ́nà tó pé gbọ́dọ̀ ní ibì kan tó ti wálẹ̀ kí ó sì gòkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá tẹ́, omi ti wọ koax, agbára ń parí sínú rẹ̀ kí ó tó dé òkè. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 30 kúrò lórí koax. Bí àwọ̀n inú rẹ̀ bá ṣì dúdú tàbí ó ní àwọ̀ ewé, ẹ máa gé lọ títí bàbà yóò fi pupa. Bí kò bá tán, ẹ fi koax mìíràn rọ́pò rẹ̀.

SWR dára ṣùgbọ́n ariwo bo gbogbo ohùn: ẹ pa àwọn ṣájà, gílóòbù LED, ínfátà, àti ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gbọ́. Ẹ̀rọ sólà olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń jẹ́. Nínú pàjáwìrì, orí bátìrì nìkan ni kí rédíò wà, kí a gba iná sínú bátìrì nígbà tí a kò bá gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ ń gbọ́ wọn, wọn kò gbọ́ yín: ẹ wo bátìrì. Rédíò 100 W ń fa nǹkan bíi 20 A nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Wáyà tín-ínrín láti bátìrì mọ́tò yóò jẹ fóltì 1 tàbí 2 lójú ọ̀nà, rédíò yóò sì kú lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wáyà 6 mm², kúkúrú, pẹ̀lú fíúùsì lẹ́bàá bátìrì. Rédíò 5 W kò gbà tó bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án ó sì lè ṣe iṣẹ́ Kétu sí Àjàṣẹ́ bí àyíká bá dákẹ́.

Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ yọ PL-259 kúrò lára rédíò, kí ẹ jù ú síta fèrèsé, kí ẹ má dúró de mànàmáná. Nígbà òjò ẹ̀ẹ̀rùn-ún-parí, bíi oṣù kẹta sí ìkẹrin, ìjì kì í kìlọ̀ púpọ̀. Rẹ́sítọ̀ inú áńtẹ́nà kò lè gbà yín lọ́wọ́ àrá.

Wáyà tí òjò bá rin máa ń sún wálẹ̀ díẹ̀ lórí mítà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá gbẹ, yóò padà.

Òru, àti àárín ìlú

Lọ́sàn-án, ìhà tiwa kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì àgbáyé, ionosphere máa ń lágbára tó láti dá 7 MHz padà láti òkè gan-an. Lóru jíjìn títí di ìdájí, agbára rẹ̀ lè dín débi pé 7 MHz yóò gba inú rẹ̀ kọjá lọ, ẹni Sábẹ yóò sì pòórá létí yín nígbà tí ẹni òkèèrè ń ké. Nígbà náà, 3.760 MHz ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí, ìyẹn ti pàjáwìrì lórí báńdì 80 mítà. A ṣe àfikún wáyà fún un: lẹ́yìn PVC ìparí kọ̀ọ̀kan, mítà 9.20 ni a kọ́kọ́ gé, kí a lè dín in. Orí àfikún náà ní kílíìpù oníyín tí a fi ń mú wáyà àkọ́kọ́ tó ṣẹ́rí padà. Bí a bá mú un, ó di 80 mítà. Bí a bá tú u, ó padà di 40 mítà, ìyẹn báńdì 7 MHz. Ìṣirò fi nǹkan bíi mítà 8.7 sí i fún àfikún kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti rẹlẹ̀ tó, ẹ má retí SWR 1.2 níbẹ̀, 2 tó, rédíò kò ní ṣàròyé.

Fún ìpè inú ìlú ní 145 MHz, ẹnu SO-239 kan (ibi tí orí PL-259 ń wọ̀) àti wáyà bàbà líle márùn-ún ti tó: ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 49, tí a jó mọ́ àárín, dúró ṣánṣán; mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 51 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wà nínú ihò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ ní 45°. Èyí ni ẹ lè gbé ga bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi RG-58 mítà 20 gbé e: ní 145 MHz, ó ń jẹ ju ìdajì agbára lọ kó tó dé òkè. Mítà 5 tàbí 6 ni kó mọ.

Ìkópamọ́ ni ó kù. Apá kọ̀ọ̀kan ni a wé sórí pátákó tirẹ̀ bí àwòrán nọ́ńbà 8, kí ó má lọ́ra nígbà tí a bá ń tú u. Lára pátákó àkọ́kọ́ ni a fi bírò kọ: 9.77 m, 7.110 MHz, òpó 7 m, ìparí 2.5 m. Ẹlòmíràn ni yóò jẹ́ ẹni tí yóò gbé e sókè lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀, àwọn nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sì ni yóò kọ́kọ́ béèrè.